Àwòrán sátẹ́láìtì àti òfin: ìbéèrè tí àwọn ará Òṣogbo máa ń béèrè, pẹ̀lú ìdáhùn wọn

Ẹni tó ní ilẹ̀, awọnlẹ̀, lọ́yà, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ mọ ohun tí òfin sọ nípa àwòrán tí sátẹ́láìtì ń yà láti òkè la kọ èyí fún. Òṣogbo ló wà lọ́kàn wa bí a ṣe ń kọ ọ́, nítorí ìjà ilẹ̀, omi Ọ̀ṣun tó ń pọ́n àti ilé tó ń gba ojú oko lójoojúmọ́ ló ń bí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Ẹ fi ohun kan sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ: ẹlẹ́rìí ni àwòrán sátẹ́láìtì, kì í ṣe ìwé ilẹ̀. Bí ti ẹlẹ́rìí yòókù, a gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó rí ohun tó ń sọ, ibi tó dúró sí, àti ẹni tó mú un wá.

Ta ló fún sátẹ́láìtì ilẹ̀ òkèèrè láṣẹ láti máa ya ilé wa? Ṣé kò yẹ kí wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ Nàìjíríà ni?

Òfin àgbáyé kò ní kí wọ́n tọrọ àyè. Bàálù ilẹ̀ òkèèrè tó bá fẹ́ gba orí Òṣogbo kọjá gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, nítorí Àdéhùn Chicago ti ọdún 1944 sọ pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló láṣẹ lórí afẹ́fẹ́ tó wà lókè ilẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ sátẹ́láìtì kò sí nínú afẹ́fẹ́ yẹn. Landsat, sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà, ń yí ayé ká ní nǹkan bíi kìlómítà 705 sókè, Sentinel-2 ti ilẹ̀ Yúróòpù ní 786. Ibẹ̀ ti di gbalasa òfuurufú. Àdéhùn ọdún 1967 tó ń ṣàkóso gbalasa yìí sọ pé gbogbo orílẹ̀-èdè ló lẹ́tọ̀ọ́ láti lò ó, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ di tirẹ̀. Kò sọ ibi gan-an tí afẹ́fẹ́ parí sí. Ọ̀pọ̀ ń lo kìlómítà 100 gẹ́gẹ́ bí ààlà, àwọn sátẹ́láìtì tó ń ya àwòrán sì ga ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Awuyewuye pọ̀ lórí rẹ̀ nígbà kan. Lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ju Landsat àkọ́kọ́ sókè ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1972, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà sọ pé kò bójú mu kí ẹlòmíràn mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ àwọn kí àwọn fúnra wọn tó mọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n máa gba àṣẹ kí wọ́n tó yà. Amẹ́ríkà kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí fà títí di ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1986, nígbà tí àpéjọ gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé fọwọ́ sí ìpinnu 41/65, tó ní ìlànà 15. Gbígba àṣẹ kò sí níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ìlànà kẹrin, tó ní wọn kò gbọdọ̀ fi yíya náà pa orílẹ̀-èdè tí wọ́n yà lára, àti ìlànà kejìlá, tó ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá yà lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àwòrán ilẹ̀ tirẹ̀ ní iye owó tó mọ níwọ̀n, láìsí ojúsàájú. Ìlànà lásán ni, kì í ṣe àdéhùn tí orílẹ̀-èdè bu ọwọ́ lù, àmọ́ òun ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Lójú tiwa, ìlànà kejìlá yẹn kì í ṣe ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè nìkan ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ṣé Nàìjíríà náà ní sátẹ́láìtì tó ń ya ilẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. NigeriaSat-1 gòkè ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, ojú rẹ̀ sì máa ń rí ohun tó bá tó mítà 32 nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X gòkè pọ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Àwòrán aláwọ̀ dúdú-òun-funfun ti NigeriaSat-2 mú dé mítà 2.5, aláwọ̀ mèremère rẹ̀ dé mítà 5. NASRDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999, ló ń bójú tó wọn, òfin ọdún 2010 ló sì gbé àjọ náà ró. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òwò sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀ ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ wọn, nítorí àdéhùn 1967 ti di ẹ̀bi iṣẹ́ aládàáni ru ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Dúróònù ńkọ́? Ṣé òfin kan náà ni?

Rárá o. Inú afẹ́fẹ́ Nàìjíríà ni dúróònù ń fò. Ẹ nílò àṣẹ NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú, ẹ sì nílò ìwé láti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Ẹni tó bá gbé dúróònù sókè ní Òkè-Fìà láìgbàṣẹ lè sun àgọ́ ọlọ́pàá lálẹ́ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ra àwòrán sátẹ́láìtì àdúgbò kan náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sátẹ́láìtì, kí dúróònù tó wọ ọ̀rọ̀.

Ṣé wọ́n lè rí mi nínú àgbàlá mi? Ṣé mo lè pè wọ́n lẹ́jọ́?

Èyí tó dára jù lára àwọn tí wọ́n ń tà lọ́jà ń mú dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Ìyẹn ni pé ẹyọ àmì kan nínú àwòrán, èyí tí à ń pè ní píksẹ́lì, dúró fún ilẹ̀ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 tó sì gùn ní 30. Láti òkè, orí àti èjìká ènìyàn kò gba ju píksẹ́lì méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ ó rí mọ́tò, ẹ ó rí táǹkì omi, ẹ ó rí òrùlé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ páànù rẹ̀. Ẹ kò ní dá ojú mọ̀. Òfin náà wà lára ohun tó fà á: títí di ọdún 2014, ìjọba Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ta èyí tó mú ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ fún gbogbo ayé, kí wọ́n tó wá sọ ọ́ kalẹ̀ sí 25.

Ní Nàìjíríà, abala 37 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè àti ilé rẹ̀. Òfin Ààbò Dátà ọdún 2023 tún sọ pé ìsọfúnni tó bá lè tọ́ka sí ẹnì kan pàtó jẹ́ dátà ẹni náà. Ibi tí ewu wà gan-an nìyí. Àwòrán òrùlé nìkan kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Bí ẹnì kan bá wá so òrùlé yẹn mọ́ orúkọ onílé, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti iye owó orí tó jẹ, ó ti di dátà ẹni, ẹni tó kó o jọ sì gbọ́dọ̀ ní ìdí tí òfin gbà, kó sì pa á mọ́ dáadáa. Ìjọba ìpínlẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ tó ń ka ilé láti gba owó orí ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí jùlọ.

Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ Amẹ́ríkà fọwọ́ kan irú ẹjọ́ yìí ní 1986, nínú ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ Dow Chemical. Wọ́n ní àwòrán tí ìjọba yà láti inú bàálù kò tẹ òfin lójú, ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé ẹ̀rọ tí ará ìlú kò lè rí lò, irú bíi ti sátẹ́láìtì, lè nílò àṣẹ adájọ́. Nígbà yẹn, ta ló rí sátẹ́láìtì lò? Lónìí, ọmọ ilé-ìwé gírámà ní Ayétòrò ń wò ó lórí fóònù.

Wọ́n ń bá wa du ilẹ̀ bàbá wa. Ṣé àwòrán Google Earth lè já a gbà?

Òun nìkan kò lè já a. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè fi fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀: ìtàn ìdílé, ìwé ilẹ̀, ìṣe oníhun bíi títa àti yíyá, pípẹ́ lórí ilẹ̀ náà, àti níní ilẹ̀ tó múlé gbè é tó fi hàn pé èyí náà ò ní ṣàì jẹ́ tiyín. Sátẹ́láìtì kò sí nínú márùn-ún yẹn. Ohun tó lè ṣe ni pé kó ti ọ̀nà kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún lẹ́yìn. Bí ìdílé yín bá sọ pé àwọn ti ń dá kòkó níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí àwòrán 1986, 2002 àti 2015 sì fi igi hàn ní ojú kan náà, ọ̀rọ̀ yín ti rí ẹlẹ́yìnlé. Bí ẹnì kejì bá sọ pé òun kọ́lé síbẹ̀ ní 2009, tí àwòrán 2013 sì fi igbó kìjikìji hàn, ó di dandan kó ṣàlàyé.

Ẹ má gbàgbé pé àwòrán kò mọ orúkọ. Ó lè sọ pé wọ́n dáko síbẹ̀. Kò lè sọ ẹni tó dá a, bóyá onílẹ̀ ni tàbí àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ẹnu àwọn àgbà àti ìwé ló máa parí ìyẹn. Ilé-ẹjọ́ àgbáyé pàápàá sọ ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ lórí máàpù, nígbà tí Burkina Faso àti Mali gbé ìjà ààlà wá síwájú rẹ̀: ìdájọ́ 1986 ní máàpù lásán kì í fúnni ní ilẹ̀, àfi bí ó bá wà lára ìwé tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí.

Àwòrán wo gan-an ló wúlò fún púlọ́ọ̀tì kan?

Ẹ jẹ́ ká fi púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 wọ̀n ọ́n, tó jẹ́ nǹkan bíi mítà 18 sí 36. Gbogbo rẹ̀ kò tó mítà 700 níbùú-lóròó. Píksẹ́lì Landsat kan jẹ́ mítà 30 sí 30, ìyẹn 900. Èyí tó pọ̀ jù nínú púlọ́ọ̀tì yín, apá kan ilé aládùúgbò àti apá kan títì lè há sínú ẹyọ àmì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá tẹ Landsat jáde tó sì fi ìka tọ́ka sí ògiri òun nínú rẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Sentinel-2, tí píksẹ́lì rẹ̀ jẹ́ mítà 10, á fi nǹkan bíi mẹ́fà tàbí méje bo púlọ́ọ̀tì náà: ẹ ó mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti ṣí tàbí igbó ṣì wà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ògiri, fẹ́ńsì àti ìpìlẹ̀ ilé nílò sẹ̀ǹtímítà 50 sí 30, èyí sì jẹ́ títà.

Landsat ní agbára kan tí àwọn yòókù kò ní: ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́. Fún oko ńlá ìdílé, igbó ọba, tàbí bí ìlú ṣe fẹ̀ jáde ní ọ̀nà Gbọ̀ngán láti ọdún 1980-ó-lé, kò sí ohun tó dà bí i. Lórí ibi ìpamọ́ USGS, àjọ Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àwòrán Landsat, Òṣogbo wà ní path 190, row 55 (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wá àwòrán ibì kan), ọ̀fẹ́ ni láti 2008. Sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 16. Ẹ wá a láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, nítorí ìkùukùu òjò máa ń bo ojú ilẹ̀ láti oṣù Karùn-ún. Kódà nígbà ọyẹ́, ẹ wo bóyá eruku ti mú gbogbo rẹ̀ funfun.

Ọjọ́ tí Google Earth kọ síbẹ̀, ṣé a lè fi búra?

Ẹ má tíì búra. Ibi tí lọ́yà ẹnì kejì ti máa ń gún ẹ̀rí pa nìyí. Àwòrán tí ẹ ń wò lè jẹ́ ọ̀pọ̀ tí wọ́n rán pọ̀ bí aṣọ alápá. Apá òsì lè jẹ́ ti oṣù Kìíní ọdún kan, apá ọ̀tún ti ọdún mìíràn, ọjọ́ tó hàn nísàlẹ̀ sì lè jẹ́ ti apá kan péré. Ẹ fa ọwọ́ atọ́ka yín sórí ilẹ̀ náà gan-an, kí ẹ wo bóyá ọjọ́ náà yí padà.

Òmíràn tún wà. Bí ẹ bá ṣí àwòrán àtijọ́ tí ẹ fà á lọ sẹ́yìn pátápátá, ẹ ó rí àwòrán tó rú, tí ọjọ́ rẹ̀ sábà máa ń bọ́ sí ìparí oṣù Kejìlá, bíi 1985. Kò sí sátẹ́láìtì kankan tó yà á lọ́jọ́ yẹn. Àkópọ̀ odidi ọdún ni, tí kọ̀ǹpútà ṣa jọ láti yọ ìkùukùu kúrò. Ẹni tó bá sọ ní kóòtù pé òun rí ilẹ̀ náà ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1985 ti ba ẹ̀rí ara rẹ̀ jẹ́. Bí ọjọ́ bá ṣe pàtàkì nínú ẹjọ́ yín, ẹ lọ gba àwòrán náà látọ̀dọ̀ ẹni tó yà á, pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, ọjọ́ àti aago.

Mo fi àwọn nọ́ńbà inú sọ́fè mi sórí Google Earth, ó gbé ilẹ̀ mi lọ sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ṣé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì?

Ó ṣeé ṣe kí ó má rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé sọ́fè ní Nàìjíríà wà lórí ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Minna, tí wọ́n gbé ka ìrísí ayé Clarke 1880. Google Earth àti GPS inú fóònù ń lo ìwọ̀n mìíràn, WGS84. Nọ́ńbà kan náà nínú ìwọ̀n méjèèjì kì í bọ́ sí ojú kan. Ní agbègbè Òṣogbo, ìyàtọ̀ náà lè tó 100 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Púlọ́ọ̀tì tí iwájú rẹ̀ jẹ́ mítà 18, ẹ bá ti kọjá márùn-ún kí ẹ tó dúró.

Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ wo igun ìwé sọ́fè náà fún ohun tí awọnlẹ̀ kọ: Minna tàbí WGS84, àti UTM Zone 31, ìyẹn apá máàpù ayé tí Òṣogbo bọ́ sí. Ẹ ní kí awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ SURCON, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ awọnlẹ̀, yí i padà fún yín. Lẹ́yìn náà kí ó lọ wá òpó kọnkéré ààlà lórí ilẹ̀. Òpó yẹn àti ìwé tí wọ́n fi pamọ́ sọ́dọ̀ awọnlẹ̀ àgbà ìpínlẹ̀ ló borí, àwòrán kò lè yẹ̀ wọ́n. Bí ẹ bá sì ń wọn ilé alájà lórí àwòrán, ìdí ògiri ni kí ẹ wọ̀n. Kámẹ́rà kì í sábà wo ilẹ̀ ní gbọnrangandan, òrùlé á fẹ̀gbẹ́ bọ́ sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, ẹnì kan á sì sọ pé ẹ wọlé òun.

Báwo la ṣe ń gbé àwòrán náà wọ kóòtù tí adájọ́ kò fi ní dà á nù?

Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ló wà ní ẹnu ọ̀nà. Ohunkóhun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà jáde gbọ́dọ̀ mú ohun mẹ́rin ṣẹ: kọ̀ǹpútà náà wà lẹ́nu iṣẹ́ déédéé lákòókò náà, irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ máa ń wọ inú rẹ̀ déédéé, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ohun tó wà nínú ìwé náà sì jáde láti inú ìsọfúnni yẹn. Ẹni tó wà nípò tó fi mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ á wá bu ọwọ́ lu ìwé ẹ̀rí. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi èyí hàn kedere nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson: ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò bá abala 84 mu, wọ́n ju ú sápá kan.

Ní ìṣe, bó ṣe yẹ kó lọ nìyí. Ẹni tó bá gba àwòrán náà kalẹ̀ ni kí ó tẹ̀ ẹ́, òun náà ni kí ó bu ọwọ́ lu ìwé ẹ̀rí. Bí ẹni mẹ́ta bá pín iṣẹ́ náà ṣe, ìbéèrè á pọ̀. Kí ó kọ orúkọ ibi tó ti gbà á, nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwòrán, ọjọ́ tí sátẹ́láìtì yà á, ọjọ́ àti aago tí òun gbà á, irú kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó lò. Kí ó tọ́jú fáìlì àkọ́kọ́ láìfọwọ́ kàn án, kí ó sì ṣírò àmì SHA-256 rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó máa yí padà bí fáìlì náà bá yí padà, kí ẹnikẹ́ni lè fi hàn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá tan ìmọ́lẹ̀ sí i, tàbí ó gé e, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwòrán tí wọ́n ti kun láwọ̀ pupa tí wọ́n sì fa ìlà sí kì í ṣe àwòrán àkọ́kọ́ mọ́: ẹ gbé méjèèjì wá.

Ẹ ṣọ́ra fún abala 83(3). Ohun tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn bá ṣe nígbà tí ẹjọ́ ti wà nílẹ̀, tàbí tó ti ń rùn bọ̀, kò wọlé lábẹ́ abala náà. Ẹ má jókòó sílé tẹ àwòrán fún ẹjọ́ ara yín. Ẹ wá amọ̀ṣẹ́ tí kò ní ìpín nínú ilẹ̀ náà, kí òun wá jẹ́rìí gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ lábẹ́ abala 68. Adájọ́ kò lè ka àwọ̀ inú àwòrán fúnra rẹ̀. Ewéko máa ń yọ pupa nínú àwòrán tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí yà, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé iná ló ń jó.

Ìjọba ti wó ilé wa fún títì. Kò sí fọ́tò kankan lọ́wọ́ wa.

Ibi tí sátẹ́láìtì ti ń ṣe ará ìlú lóore jù nìyí. Lábẹ́ abala 29 Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978, bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ìlú, owó gbà-má-bínú wà fún ilé àti ohun tí ẹ fi tún ilẹ̀ náà ṣe, àti fún ohun ọ̀gbìn. Ilẹ̀ tó ṣófo kò ní ju owó ilẹ̀ tí ẹ san lọ́dún náà lọ. Nítorí náà, ẹni tí kò bá lè fi hàn pé ilé wà níbẹ̀ ti pàdánù. Ẹ ra àwòrán tó mọ́ kedere tó súnmọ́ ọjọ́ tí wọ́n wó o jùlọ, ọ̀kan ṣáájú àti ọ̀kan lẹ́yìn. Láti inú èyí tó ṣáájú, amọ̀ṣẹ́ lè wọn bí òrùlé ṣe fẹ̀ tó, kó ka iye ilé, kó ya kòkó sọ́tọ̀ kúrò lára pápá. Kò lè sọ bóyá ilé náà ní táìsì tàbí síméńtì lásán nílẹ̀: rìsíìtì, ìwé iná mọ̀nàmọ́ná àti ẹnu aládùúgbò ló máa sọ ìyẹn. Ẹ má fi falẹ̀, nítorí ó rọrùn láti rí àwòrán rà ju láti rí aládùúgbò tí wọn kò tíì lé kúrò lọ.

Omi Ọ̀ṣun ń pọ́n. Ṣé sátẹ́láìtì lè mú àwọn tó ń wa góòlù?

Ó lè fi ibi tí wọ́n ti ń wà á hàn. Ihò góòlù máa ń ṣí ilẹ̀ sílẹ̀ pupa láàárín ewé tútù, ẹ ó rí i nínú Sentinel-2 bí ó bá ti tó bíi mítà 30 ní fífẹ̀. Omi tó rú ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa padà ju omi tó mọ́ lọ. Ẹ lè tẹ̀lé e láti òkè odò ní ìhà Ìjẹ̀ṣà wá sí ìsàlẹ̀. Wàhálà wà níbi tí odò bá ti tín-ín-rín, tí igi ńlá sì yọ orí bò ó, bí ó ṣe rí nínú Igbó Ọ̀ṣun: píksẹ́lì á da ewé pọ̀ mọ́ omi, àwọ̀ tí ẹ ó rí kì í sì í ṣe ti omi mọ́. Ojú ibi tó bá ṣí gbalaja ni kí ẹ lò. Nígbà òjò, Sentinel-1 tó ń lo rédà ń ríran gba inú ìkùukùu kọjá, ó sì lè fi ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú hàn, ṣùgbọ́n kò mọ àwọ̀ omi.

Ní ti òfin, ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́ọ́nì gbogbo lábẹ́ Òfin Ìwakùsà ọdún 2007. Ọ́fíìsì tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakùsà ní máàpù ibi tí wọ́n ti fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láyè. Ẹ gbé ihò inú àwòrán lé orí máàpù yẹn: èyí tó bá bọ́ sóde ààlà kò láṣẹ. Àmọ́ àwọ̀ pupa kì í ṣe májèlé. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé mákúrì tàbí òjé wà nínú omi, àfi kí ẹ bu omi, kí ẹ kọ ojú ibi tí ẹ ti bù ú àti aago, kí ẹ gbé e lọ sí ibi àyẹ̀wò. Àwòrán ló ń sọ ibi tó yẹ kí ẹ ti bù ú.

Igbó Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ jẹ́ hẹ́kítà 75, ó ti wà nínú ìwé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Nàìjíríà láti 1965, UNESCO sì gbà á wọlé ní 2005. Ẹni tó bá rò pé irú ibi bẹ́ẹ̀ kò lè dé ilé-ẹjọ́ pẹ̀lú àwòrán láti òkè, kí ó wo Timbuktu. Ní 2016, ilé-ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn àgbáyé rán Ahmad al-Mahdi ní ẹ̀wọ̀n ọdún 9 nítorí pé wọ́n wó ojúbọ àwọn ẹni mímọ́ níbẹ̀, àwòrán sátẹ́láìtì kí wọ́n tó wó o àti lẹ́yìn rẹ̀ sì wà lára ẹ̀rí.

Ẹnì kan ní sátẹ́láìtì ti rí góòlù lórí ilẹ̀ wa, ká dá owó jọ.

Ẹ má dá owó kankan. Sátẹ́láìtì ń rí ojú ilẹ̀: irú òkúta, ibi tí ilẹ̀ ti sán, àwọ̀ erùpẹ̀. Kì í rí góòlù nísàlẹ̀. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, onílẹ̀ kò lè wà á láìgba ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀.

Ta ló ni àwòrán náà? Ṣé mo lè fi sínú ìwé tàbí kí n tà á?

Ó wà lọ́wọ́ ibi tí ẹ ti gbà á. Landsat jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ẹ kàn dárúkọ USGS. Sentinel jẹ́ ọ̀fẹ́, títí kan ti òwò, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé dátà Copernicus Sentinel wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọdún rẹ̀, kí ẹ sì sọ bí ẹ bá tún un ṣe. Ti Google Earth, ẹ kò gbọdọ̀ gé orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ọ̀pọ̀ ń gé e kí ó lè wuyì, wọ́n sì ń fi bẹ́ẹ̀ tẹ àdéhùn lójú.

Èyí tí ẹ rà lówó ni kí ẹ ka ìwé rẹ̀ dáadáa. Ohun tí ẹ san owó fún ni àyè láti lò ó, ẹ kò ra àwòrán náà fúnra rẹ̀. Ìwé àṣẹ ẹnì kan kò bo ẹni tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí. Bí ìjọba ìbílẹ̀ méjì bá fẹ́ jọ lò ó, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó. Àwọn lọ́yà ṣì ń jiyàn bóyá ohun tí kámẹ́rà yà fúnra rẹ̀ láìsí ọwọ́ ènìyàn ní ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, àmọ́ àdéhùn tí ẹ bu ọwọ́ lù á mú yín bí iyàn náà bá tilẹ̀ lọ síbi tí ẹ fẹ́.

Wọ́n ta àwòrán tó ṣìnà fún mi, mo sì kọ́lé síbi tí kò yẹ. Ta ni mo lè mú?

Àdéhùn àgbáyé ti 1972 lórí ìbàjẹ́ kò ní ràn yín lọ́wọ́. Sátẹ́láìtì tó bá já lulẹ̀ ni ó wà fún, bí ìgbà tí Kosmos 954 ti Soviet já sí Kánádà ní 1978, tí wọ́n sì san mílíọ̀nù 3 dọ́là Kánádà ní 1981. Àwòrán tó parọ́ kò sí níbẹ̀. Ẹ padà sí ìwé tí ẹ fi rà á. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti kọ ọ́ pé àwọn kò dúró fún bí ó ṣe péye tó. Ẹni tí ó rọrùn láti mú ni amọ̀ṣẹ́ tó gba owó lọ́wọ́ yín, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ibẹ̀ dára. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó iṣẹ́, ẹ ní kí ó kọ àṣìṣe tó lè wà níbẹ̀ sílẹ̀ ní iye mítà, kí ó sì bu ọwọ́ lù ú.

Ṣé ìdíwọ́ wà fún yíya bárékè tàbí ibi ààbò?

Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin Àṣírí Ìjọba ọdún 1962 lòdì sí yíya ibi tí ìjọba dáàbò bò fún ète tó lè ṣe orílẹ̀-èdè ní jàǹbá. Bí àwòrán náà bá tilẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má tò ó jọ, ẹ má fi ìlà yí ilé ọta ká kí ẹ wá pín in.

Omíyalé dé. Ṣé a lè rí àwòrán kíákíá?

Àdéhùn àgbáyé kan wà lórí gbalasa òfuurufú àti àjálù ńlá, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2000. Àwọn àjọ tó ní sátẹ́láìtì máa ń fún ibi tí àjálù dé ní àwòrán lọ́fẹ̀ẹ́. Ará ìlú kò lè pè wọ́n fúnra rẹ̀, àjọ ìjọba tí wọ́n mọ̀ sí ìdí rẹ̀ ló lè pè. Ẹ fi tó àjọ tó ń rí sí pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ létí ní wákàtí àkọ́kọ́, pẹ̀lú orúkọ àdúgbò àti ojú ibi tí omi dé lórí GPS. Ẹ má dúró di ìgbà tí omi bá fà, nítorí ohun tí rédà máa yà nígbà náà ni ilẹ̀ gbígbẹ.